Oyè Másítà Nínú Ìwé Kíkọ: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí Jù

Kò sí oṣù kan tí lẹ́tà bíi mẹ́ta kì í wọlé sọ́dọ̀ mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè wọn kì í sì yàtọ̀ síra púpọ̀. Mo ti ka ẹ̀kọ́ náà, mo ti fi kọ́ni, mo sì ti wà lára àwọn tó ń ka iṣẹ́ àwọn tó fẹ́ wọlé. Ohun tí ojú mi rí ni mo kọ síhìn-ín. Bí ibì kan bá wà tí mo ti ń ṣe ojúsàájú, ẹ ó rí i fúnra yín.

Kí ni wọ́n ń pè ní MFA, kí ló sì yà á sọ́tọ̀ sí MA?

MFA ni Master of Fine Arts, MA sì ni Master of Arts. Oyè kejì ni àwọn méjèèjì, èyí tí ènìyàn ń gbà lẹ́yìn tó bá ti jáde fásitì lẹ́ẹ̀kan. Amẹ́ríkà ni MFA ti gbilẹ̀ jù. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n fi ń kà á, ohun tí wọ́n sì ń fi gba oyè náà kì í ṣe ìwé ìwádìí. Ìwé tí ẹ fúnra yín kọ ni: àkójọ ewì, àkójọ ìtàn kúkurú, ìtàn àròsọ gígùn tàbí apá tó jọjú nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, MA ló wọ́pọ̀. Ọdún kan ni fún ẹni tó bá ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ kà á, wéré ló sì máa ń lọ. Kí ẹ tó mọ ọ̀nà yàrá ìkàwé dáadáa, ẹ ti ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá.

Ibi tí ìyàtọ̀ wọn ti ń ta yọ ni iṣẹ́ olùkọ́. Ní Amẹ́ríkà, MFA ni wọ́n kà sí òpin oyè nínú iṣẹ́ ọnà yìí. Ẹni tó ní i, tí ìwé rẹ̀ sì ti jáde, lè di olùkọ́ fásitì láìní PhD. MA kò ní irú agbára yẹn.

Ṣé wọ́n tilẹ̀ lè kọ́ ènìyàn ní ìwé kíkọ?

Ìjà àtijọ́ nìyí. University of Iowa, ní Amẹ́ríkà, gbà ní 1922 pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ewì tàbí ìtàn tó kọ gba oyè gíga, nígbà tó sì di 1936 wọ́n dá Writers' Workshop, ẹ̀ka ìwé kíkọ wọn, sílẹ̀. Àwọn yìí gan-an, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo ìyókù ti ya tiwọn, kò tijú láti sọ pé dé àyè kan, òótọ́ ni àwọn tó ní ìwé kíkọ kò ṣeé kọ́ni ń sọ. Wọ́n ní ẹni tó ti ní ẹ̀bùn náà tẹ́lẹ̀ ni àwọn lè ràn lọ́wọ́.

Mo fara mọ́ wọn, àmọ́ ó kù síbì kan. Ohun tó ń dun yín lọ́kàn, ojú tí ẹ fi ń wo ènìyàn, etí tí ẹ fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀, kò sí olùkọ́ tó lè fún yín. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó yẹ kí ẹnì kan dákẹ́ nínú ìtàn, ibi tó yẹ kí ìlà ewì já sí, wọ́n ń kọ́ ọ, ó sì ń yé ènìyàn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tí ìtàn rẹ̀ máa ń fi ojú ìwé mẹ́ta jí lójú oorun. Aago á dún, obìnrin inú ìtàn á dìde, á fọ ẹnu, á wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ojú ìwé kẹrin ni ọlọ́pàá á ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Olùkọ́ wa kò bá a jiyàn. Ó yọ ojú ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́, ó tì wọ́n sábẹ́ àga tó jókòó lé, ó ní kí ó ka ìyókù sókè. Nígbà tó kà á tán, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ kí aago dún nínú ìtàn rẹ̀ mọ́.

Yàtọ̀ sí èyí, nǹkan méjì ni oyè náà ń fúnni: àkókò àti òǹkàwé. Ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni kò ní bi yín pé kí lẹ jókòó ti láti àárọ̀, àti ènìyàn bíi mẹ́wàá tó di dandan fún láti ka ohun tí ẹ kọ dé òpin. Ẹni tó bá ti ní méjèèjì níbi tó wà lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Chimamanda Ngozi Adichie gba másítà rẹ̀ nínú ìwé kíkọ ní Johns Hopkins, fásitì kan ní Amẹ́ríkà, ní 2003, ọdún yẹn kan náà sì ni ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Kò dúró de oyè kó tó di òǹkọ̀wé.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú workshop gan-an?

Akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́wàá sí méjìlá á jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú olùkọ́ kan. Ẹ ti fi iṣẹ́ yín ránṣẹ́ sí wọn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n ti kà á, wọ́n ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí etí ìwé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ ni pé ẹni tó ni iṣẹ́ kò gbọdọ̀ lanu. Ẹ ó kàn jókòó bí òkú tó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa òun. Ẹnì kan á ní ìyá inú ìtàn yín burú, ẹlòmíì á ní kò burú tó, ẹ̀yin á sì mọ̀ pé ìyá kọ́ ni, ẹ̀gbọ́n ni, ẹ ò kàn kọ ọ́ kó hàn ni.

Ọ̀pọ̀ ibi ti ń yí àṣà yìí padà, wọ́n ń jẹ́ kí òǹkọ̀wé fi ìbéèrè tirẹ̀ ṣíde. Ó dùn mọ́ mi. Ẹni tó bá kọ̀wé nípa ibi tí àwọn ará tábìlì kò mọ̀ rí, tí wọ́n sì ní kó dákẹ́, lè fi odindi wákàtí gbọ́ àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan tí òun ì bá fi ìṣẹ́jú kan là yé wọn.

Ẹ má gba gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ, ẹ má sì kọ gbogbo rẹ̀. Bí ènìyàn márùn-ún bá kọsẹ̀ níbì kan náà, òkúta wà níbẹ̀, bí kálukú wọn tilẹ̀ ń pe òkúta náà ní orúkọ ọ̀tọ̀. Àmọ́ àtúnṣe tí wọ́n bá dábàá kì í sábà bá iṣẹ́ yín mu. Àìsàn ni kí ẹ gbà pé wọ́n rí, ẹ fi oògùn wọn sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ ó ti mọ ènìyàn méjì nídìí tábìlì náà tí wọ́n ń ka iṣẹ́ yín bó ṣe yẹ. Ẹ di àwọn méjì yẹn mú. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti kúrò níbẹ̀, àwọn méjì tèmi ṣì ni mo kọ́kọ́ ń fi iṣẹ́ mi hàn.

Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo kà ní fásitì. Ṣé wọ́n lè gbà mí?

Wọ́n lè gbà yín. Oyè àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè, wọn kì í wádìí ẹ̀kọ́ tó jẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì, agbẹjọ́rò àti àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni mo bá jókòó, ohun tí wọ́n rí níbi iṣẹ́ wọn sì máa ń fún ìtàn wọn ní egungun. Ìròyìn kíkọ ni Flannery O'Connor, òǹkọ̀wé ìtàn ará Amẹ́ríkà, bá lọ sí Iowa ní 1945. Nígbà tó wọ ọ́fíìsì Paul Engle, tó jẹ́ olórí Workshop nígbà náà, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ kò yé ọkùnrin náà rárá, ló bá fún un ní ìwé pé kó kọ ohun tó fẹ́ sọ sílẹ̀. Ó kọ ọ́. Ó gba oyè rẹ̀ ní 1947.

Mo ti lé ní ogójì ọdún ńkọ́?

Kò sí ẹni tó ń ka ọjọ́ orí. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé owó tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ wà fún ẹnì kan, kò ro ti ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta.

Kí ni wọ́n ń wò jù nínú gbogbo ohun tí mo bá fi ránṣẹ́?

Iṣẹ́ yín. Máàkì fásitì, lẹ́tà ìjẹ́rìí, ìdánwò ìwọlé tí wọ́n ń pè ní GRE níbi tí wọ́n bá ṣì ti ń béèrè rẹ̀ (ọ̀pọ̀ ti pa á tì), ẹ̀yìn iṣẹ́ yín ni gbogbo wọn ń tò sí. Ọ̀pọ̀ ibi ń fẹ́ nǹkan bí ojú ìwé 20 sí 30 fún ìtàn, àti nǹkan bí 10 sí 15 fún ewì. Iye yìí ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹ ka ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kọ, kí ẹ má sì fi ojú ìwé kan lé e.

N ó sọ bí a ṣe ń kà wọ́n. Ẹ fi ojú inú wò mí lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, ọgọ́ta iṣẹ́ wà níwájú mi, tíì mi ti tutù. Mo ṣí èyí àkọ́kọ́. N kò wá àṣìṣe. Inú mi ì bá dùn kó dára. Bí ojú ìwé kejì bá ti kọjá tí n kò sì mọ̀ pé mo ń kàwé mọ́, mo fi àmì sí i, mo kà á dé òpin. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ọ̀run, òjò àti àlá ló kún ojú ìwé méjèèjì, n ó ṣì kà á lọ nítorí iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún mi, àmọ́ ọkàn mi ti ń lọ sọ́dọ̀ èyí tó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ènìyàn pé ohun tó dára jù lọ́wọ́ yín ni kí ẹ fi ṣe iwájú. Ẹ má dọ́gbọ́n fi í pamọ́ sí ẹ̀yìn kí ẹ lè fi ya wá lẹ́nu. A lè má dé ibẹ̀ pẹ̀lú ojú tó là.

Ìbéèrè mìíràn tó rọ̀ mọ́ ọn ni pé ṣé orí kan nínú ìtàn àròsọ gígùn dára ju ìtàn kúkurú lọ. Ìtàn kúkurú méjì ni mo máa ń yàn, nítorí wọ́n ní ìparí, ìparí sì ni ó ṣòro jù láti kọ. Bí ẹ bá fi orí ìwé ránṣẹ́, kó jẹ́ orí kìíní. Ẹni tó bá ní láti kọ àlàyé ojú ìwé kan kí a tó lè ka orí kẹsàn-án rẹ̀ ti fi tirẹ̀ kọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn.

Ṣé mo lè lo AI láti kọ ọ́?

Rárá. Ohùn yín ni wọ́n ń wá, ibẹ̀ kọ́ ni ẹ ó ti yá ti ẹlòmíì lò.

Èdè mìíràn ni mo fi ń kọ̀wé. Ṣé àyè wà fún mi?

Àyè wà, kò kàn fẹ̀ ni. Iṣẹ́ tí ẹ ó fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní èdè tí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ lè kà, nítorí náà ẹ lè túmọ̀ tiyín fúnra yín, kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Iowa ní MFA fún ìtumọ̀ ìwé lọ́tọ̀, ó tún ní òmíràn fún àwọn tó ń fi èdè Sípéènì kọ̀wé. Ẹ wádìí bóyá wọ́n ń béèrè ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, TOEFL tàbí IELTS, lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń dá ẹni tó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ka fásitì sí, àmọ́ ẹ gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wọn ní kíkọ kí ẹ tó fi owó ìdánwò pamọ́.

Lẹ́tà ìdí tí mo fi fẹ́ lọ, kí ni kí n kọ sínú rẹ̀?

Ẹ má kọ pé láti kékeré ni ẹ ti fẹ́ràn ìwé. Gbogbo wa ni. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń kọ lọ́wọ́, ibi tó ti há yín, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí ọdún méjì ṣe fún un. Ojú ìwé kan tàbí méjì tó.

Ní ti lẹ́tà ìjẹ́rìí, mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ẹni tó mọ bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ sàn ju ẹni ńlá tó mọ orúkọ yín nìkan lọ. Mo ti ka lẹ́tà kan láti ọwọ́ ẹnì kan tí gbogbo ayé mọ̀, ìlà mẹ́rin péré ni, ó sì ṣi orúkọ ọmọ náà kọ. Ẹ bẹ̀ wọ́n ó kéré tán oṣù méjì ṣáájú, nítorí láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kìíní ni gbèdéke ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà máa ń bọ́ sí.

Owó ńkọ́?

Ibí ni mo ti máa ń le mọ́ ènìyàn. Ẹ má yá owó nítorí MFA. Oyè ìṣègùn lè san gbèsè ara rẹ̀. Ewì kò lè san án.

Kì í ṣe pé kò sọ́nà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tí kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ MFA wọn, tí wọ́n tún ń fún un ní owó tó máa fi jẹun. Michener Center ní University of Texas, ní Austin, wà lára wọn. Ọdún mẹ́ta ni tiwọn. Fásitì Cornell náà wà lára wọn, ènìyàn mẹ́jọ péré ni wọ́n ń gbà lọ́dún, akéwì mẹ́rin, òǹkọ̀wé ìtàn mẹ́rin. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, iṣẹ́ ni ẹ ó fi gba owó náà: ẹ ó máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní bí wọ́n ṣe ń kọ àròkọ, kíláàsì kan tàbí méjì ní sáà kan. Iṣẹ́ gidi ni. Àròkọ ogún tó ń dúró de máàkì lálẹ́ ọjọ́ Àìkú máa ń jẹ nínú àkókò tí ẹ bá wá. Síbẹ̀ ó kọ́ mi ní nǹkan kan tí workshop kò kọ́ mi: nígbà tí mo ní láti ṣàlàyé fún ọmọ ọdún méjìdínlógún ìdí tí gbólóhùn kan kò fi dúró, èmi gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní àwọn ó gbé gbogbo ìnáwó yín, ẹ tún béèrè. Ṣé gbogbo ọdún ni, àbí ti àkọ́kọ́ nìkan? Ṣé owó ìtọ́jú ìlera wà nínú rẹ̀? Kí ni ẹ ó jẹ ní oṣù mẹ́ta ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn tí kò sí kíláàsì? Ìbéèrè kẹta yìí ló máa ń ká ènìyàn mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ fi lẹ́tà dídán ránṣẹ́ sí mi, gbogbo rẹ̀ ló dùn ún kà, oṣù kẹfà dé ni mo tó mọ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń pè ní ọdún.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ìrànwọ́ fún MA ṣọ̀wọ́n, ẹ sì ní láti wá a níta. Chevening, tí ìjọba wọn ń gbé kalẹ̀, máa ń sanwó másítà ọlọ́dún kan, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀. Fulbright ni ti Amẹ́ríkà.

Owó fọ́ọ̀mù náà ń dunni bí ènìyàn bá kọ sí ibi mẹ́wàá. Ẹ kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n mójú kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń gbà, ẹni tí kò béèrè ni kì í rí.

Ṣé mo lè mú ọkọ tàbí aya mi dání?

Sí Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin á wà lórí físà F-1, òun á wà lórí F-2, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ rárá. Ẹ̀yin náà kò lè ṣe ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí sáà bá ń lọ. Sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin yí padà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024: akẹ́kọ̀ọ́ másítà tí ń lọ sí kíláàsì kò lè mú ìdílé wá mọ́, àfi àwọn tó ń ka oyè ìwádìí àti àwọn tí ìjọba ń san owó ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ jọ sọ ọ̀rọ̀ yìí nílé kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù kankan.

Ṣé mo lè kà á láti ibi tí mo wà?

Wọ́n ń pe irú èyí ní low-residency. Ellen Bryant Voigt, akéwì ará Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Goddard College ní 1976, ó sì kó lọ sí Warren Wilson College ní 1981. Ẹ ó lọ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ìyókù á jẹ́ lẹ́tà láàárín ẹ̀yin àti olùkọ́ kan ṣoṣo. Ó dára fún ẹni tó ní iṣẹ́ tí kò lè fi sílẹ̀, ìtọ́jú tí ẹ ó rí gbà lọ́dọ̀ olùkọ́ sì lè ju ti kíláàsì lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ ó sanwó.

Ṣé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣe pàtàkì?

Díẹ̀. Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé méjì, Malcolm Bradbury àti Angus Wilson, dá ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní University of East Anglia, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1970, kò ní orúkọ kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan péré ni wọ́n ní lọ́dún àkọ́kọ́, Ian McEwan, tó di òǹkọ̀wé ìtàn olókìkí lẹ́yìn náà. Kazuo Ishiguro, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017, kọjá níbẹ̀ náà. Ẹ wo ẹni tó ń kọ́ni níbẹ̀ lọ́dún tí ẹ ó wà níbẹ̀, ẹ ka ìwé rẹ̀, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á sọ òótọ́ tí kò sí nínú ìwé ìpolówó wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń bi mí nípa "Iowa tí kì í béèrè owó, tó sì jẹ́ oṣù mélòó kan," International Writing Program lẹ ń sọ. Ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀hún. 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé tí ìwé wọn ti jáde, kò sì ní oyè nínú.

Ṣé màá ríṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀?

Iṣẹ́ olùkọ́ fásitì tó dúró kò pọ̀, ìwé tí ẹ ti tẹ̀ jáde ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó wo oyè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń ṣàtúnṣe ìwé fún àwọn atẹ̀wé, àwọn kan ń kọ eré fún tẹlifíṣọ̀n, àwọn kan padà sídìí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nínú kíláàsì mi, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dán jù kò tíì tẹ ìwé jáde. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde ni ẹni tí kì í pa ọjọ́ kan jẹ.

Gbogbo ibi tí mo kọ sí ló kọ̀ mí. Kí ni kí n ṣe?

Ọdún àkọ́kọ́ mi, ibi méje ló kọ̀ mí. Mo bínú fún oṣù kan, mo wá tún ìtàn tí mo fi ránṣẹ́ kà, mo sì rí i pé ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé kan tí mo fẹ́ràn ni mo ń sín jẹ láti orí dé ìparí. Mo kọ méjì tuntun. Lọ́dún kejì, ibi méjì gbà mí, ìkẹta fi mí sórí ìwé àwọn adúródè. Ẹ má tún iṣẹ́ kan náà fi ránṣẹ́ síbi kan náà.

Ibi méjì gbà mí, ọ̀kan ń kán mi lójú. Ṣé mo gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn kíá?

Ní Amẹ́ríkà, àdéhùn kan wà láàárín ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga pé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fún lówó ìrànwọ́ ní àyè títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin kó tó fèsì. Bí wọ́n bá ń kán yín lójú ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ fi ọ̀wọ̀ rán wọn létí rẹ̀. Àmọ́ èyí tí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ ò ní lọ, ẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Irọ̀lẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ni wọ́n pè mí láti ibi tí mo ti wà lórí ìwé adúródè, nítorí ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé sí wọn láàárọ̀ pé òun ń lọ síbòmíràn.